Òjò Inú Ilé: Bí Ìgbà Ṣe Ń Fún Ẹ̀fọn Lágbára Láti Pín Ibà Pọ́njú-Pọ́ntọ̀

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn kòkó. Ìtàn ni, ṣùgbọ́n ìtàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ẹ̀yìnkùlé oníkálùkù wa ni.

Bí a bá bi yín pé ìgbà wo ni ẹ̀fọn ń dá àìsàn sílẹ̀ jù, ẹ ó dáhùn pé ìgbà òjò ni. Ẹ kò ṣì í. Ìgbà òjò ni omi ń dúró sí kòtò, ìgbà náà sì ni ẹ̀fọn tó ń fa ibà tí gbogbo wa mọ̀ ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ọdún 1987, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kógbá sílé, tí òjò kò tíì tó ohun tí ń kún odò, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kì í ṣe inú igbó ló ti jà. Inú ìlú ni, láàárín ilé sí ilé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló bá a lọ. Ẹ má gbàgbé pé lọ́dún náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kan náà ni Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wà, nítorí ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ìjọba tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí àgbẹ̀ bi ara rẹ̀ ni èyí: nígbà tí òjò kò tíì rọ̀ dáadáa, níbo ni ẹ̀fọn ti rí omi tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni a fẹ́ bá yín wá, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ ìgbà tó yẹ kó ṣọ́ra, yóò sì mọ ibi tó yẹ kó wò.

Àìsàn náà àti ẹ̀fọn tí ń gbé e

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ yàtọ̀ sí ibà tí a máa ń lo oògùn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kòkòrò àìfojúrí kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Yóò bẹ̀rẹ̀ bí ibà mìíràn: ara gbígbóná, orí fífọ́, ẹ̀yìn dídùn, èébì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn ń yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí yóò fi sílẹ̀ bí ọjọ́ kan, tí wọ́n á rò pé ó ti tán, kó tó padà wá pẹ̀lú agbára. Nígbà náà ni ẹyinjú yóò pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ yóò dúdú, ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde ní imú, ní ẹnu àti nínú èébì. Nínú àwọn tó bá dé orí ipò yìí, nǹkan bí ìdajì ni kì í yè é, láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Oògùn kan pàtó tí ń pa fáírọ́ọ̀sì náà kò sí. Ìtọ́jú ilé ìwòsàn ló ń ran ara lọ́wọ́ láti bá a jà.

Ẹ̀fọn tó ń pín in láàárín ìlú kì í ṣe ẹ̀fọn òru tí a ń torí rẹ̀ ta nẹ́ẹ̀tì. Dúdú ni, ó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀ àti lára. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Aedes aegypti, àwa yóò máa pè é ní ẹ̀fọn onílà nínú ìwé yìí. Ọ̀sán ló ń jẹni, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Kì í fẹ́ràn irà, kì í sì í fẹ́ràn ojú àgbàrá. Omi mímọ́ tó dúró jẹ́ nínú ohun èlò ló ń wá: àmù, dúrọ́ọ̀mù, garawa, táyà tó ti gbó, agolo, àfọ́kù ìkòkò. Kì í rìn jìnnà. Nǹkan bí 100 sí 200 mítà síbi tí wọ́n ti pa á ló máa ń lo ayé rẹ̀ sí. Nítorí náà, ẹ̀fọn tó bá jẹ yín lọ́sàn-án, ẹ̀yìnkùlé yín ló ti wá, tàbí ti aládùúgbò yín.

Ohun tí wọ́n rí ní Yábàá

Orílẹ̀-èdè Cuba ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé àìsàn yìí kiri. Carlos Finlay, dókítà ọmọ ilẹ̀ náà, ló sọ ọ́ ní ọdún 1881. Wọ́n kò gbà á gbọ́ títí di ọdún 1900, nígbà tí Walter Reed àti àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa ni wọ́n ti rí àrídájú fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà fi ilé ìwádìí kan kalẹ̀ sí Yábàá ní Èkó. Ní ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní ìlú Kpeve, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí. Asibi yè é. Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n fún ní ẹ̀jẹ̀ náà, kó àìsàn.

Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, kó àìsàn yìí, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Ní ọdún 1928, Hideyo Noguchi àti William Young kú sí Accra, nídìí iṣẹ́ kan náà. Lọ́dún 1928 yìí náà ni Johannes Bauer, tí òun náà jẹ́ ará ilé ìwádìí Yábàá, fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀fọn onílà nìkan ló lè gbé fáírọ́ọ̀sì yìí. Àwọn ẹ̀fọn igbó kan náà lè ṣe é. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ìrìn àjò fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀fọn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé bí ẹ bá gbin àgbàdo lónìí, ẹ kò ní ya á lọ́la. Ó ní iye ọjọ́ tí yóò lò nínú ilẹ̀. Bákan náà ni ti fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn tó bá fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lónìí kò lè fún ẹlòmíràn lọ́la. Fáírọ́ọ̀sì náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ nínú ikùn ẹ̀fọn, kó la ikùn kọjá, kó dé ibi tí itọ́ rẹ̀ ti ń sun. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ẹni tí ẹ̀fọn yìí bá jẹ ló lè kó o, títí tí ẹ̀fọn náà yóò fi kú.

Ìgbà ló ń pinnu iye ọjọ́ tí ìrìn yìí yóò gbà. Bí ooru bá mú gan-an, kì í tó ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ ooru wọ́ńwọ́n, yóò gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá tàbí méjìlá. Bí òtútù bá mú, yóò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ wá wò ó báyìí: ẹ̀mí ẹ̀fọn kò gùn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni púpọ̀ nínú wọn ń lò láyé, àwọn tó ń kú kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé kò sì kéré. Bí fáírọ́ọ̀sì bá fẹ́ lo ọjọ́ 15, tí ẹ̀fọn sì kú ní ọjọ́ kẹjọ, àìsàn ti bá a wọlẹ̀ nìyẹn. Bí ooru bá sọ ọjọ́ 15 di 7, ẹ̀fọn yìí kan náà yóò ti ráyè jẹ ènìyàn kan tàbí méjì kó tó kú.

Nǹkan mẹ́ta ni ìgbà ń yí padà, tó sì ń pinnu agbára ẹ̀fọn. Èkíní ni ooru, tí ń mú fáírọ́ọ̀sì yára. Èkejì ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, tí ń jẹ́ kí ẹ̀mí ẹ̀fọn gùn. Ọyẹ́ ń gbẹ ẹ̀fọn pa bó ṣe ń gbẹ ewé. Ẹ̀kẹta ni omi tí yóò yé ẹyin sí, tí ń pinnu bí wọn yóò ṣe pọ̀ tó.

Ẹyin ẹ̀fọn onílà ní àṣírí tirẹ̀. Kì í yé e sórí omi. Ara ògiri ìkòkò, lókè ibi tí omi dé, ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí omi náà bá gbẹ, ẹyin kò ní kú. Yóò dúró níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, bí irúgbìn tí a kó sí àká, kó máa retí omi. Ní ọjọ́ tí omi bá tún kún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò pa. Tanwíji yóò jáde, láàárín nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá yóò di ẹ̀fọn. Àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Senegal tilẹ̀ rí fáírọ́ọ̀sì yìí lára akọ ẹ̀fọn igbó ní àwọn ọdún 1970. Akọ ẹ̀fọn kì í fa ẹ̀jẹ̀. Inú ẹyin ìyá rẹ̀ ló ti bá a wá. Ìyẹn ni pé fáírọ́ọ̀sì náà lè fi ẹyin ṣe ilé ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kàlẹ́ńdà igbó

Nínú igbó, ọ̀bọ ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń gbé lára, ẹ̀fọn tí ń gbé inú ihò igi ló sì ń gbé e láti ara ọ̀bọ kan sí èkejì. Ọ̀bọ ilẹ̀ wa kì í sábà kú nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí àmì tí ọdẹ yóò rí. Bí òjò bá ti ń rọ̀ láti oṣù kẹrin, ihò igi yóò kún, ẹyin yóò pa, àwọn ẹ̀fọn náà yóò máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀, fáírọ́ọ̀sì yóò máa pọ̀ pẹ̀lú wọn. Nígbà tí òjò bá fẹ́ parí, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kejìlá, wọn yóò ti pọ̀ débi pé wọ́n á máa jẹ àgbẹ̀ àti ọdẹ tó bá wà létí igbó ní ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ tiwa, láti Ìkìrun lọ sí Òkukù, ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn ni, irú ilẹ̀ tí ẹ̀fọn igbó àti ènìyàn ti máa ń pàdé.

Ẹ wo bí àwọn ọdún wọ̀nyí ṣe bá kàlẹ́ńdà náà mu. Ní ìdajì kejì ọdún 1986, àìsàn yìí jà ní agbègbè Oju ní Ìpínlẹ̀ Benue. Àwọn oníṣègùn tó ṣe ìwádìí níbẹ̀ ṣírò pé nǹkan bí 9,800 ènìyàn ni ojú wọn pọ́n, àti pé nǹkan bí 5,600 ló kú. Ẹ̀fọn igbó tí ń jẹ́ Aedes africanus ni wọ́n dá lẹ́bi. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí àyẹ̀wò fi í hàn lára ọmọdé kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Ẹ má jáyà: kì í ṣe Ìfẹ́lódùn tiwa tí Ìkìrun jẹ́ olú rẹ̀ ni, ti Ìpínlẹ̀ Kwara ni. Ṣùgbọ́n Kwara kò jìnnà sí wa, ẹni tó bá gba ọ̀nà Òkukù kọjá yóò dé ibẹ̀. Ó jà ní Ìpínlẹ̀ Edo ní ìparí ọdún 2018. Ó jà ní Ìpínlẹ̀ Bauchi ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó jà ní Delta àti Enugu. Ìgbà ìparí òjò ni gbogbo wọn.

Àgbẹ̀ kòkó ní ìdí tó fi yẹ kó gbọ́ èyí dáadáa. Ìgbà tí ẹ̀fọn igbó ń pọ̀ jù náà ni ìgbà ìkórè kòkó. Èèpo kòkó tí a là, tí a dà jọ sábẹ́ igi, ń gba omi òjò sínú bí àwo, ẹ̀fọn tó jẹ́ ìbátan ẹ̀fọn onílà sì ń pa nínú rẹ̀. Omi tí ń dúró sí ìdí ewé kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò gbẹ́yìn.

Kàlẹ́ńdà ilé

Báwo wá ni ti ọdún 1987 ṣe bọ́ sí oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún? Ìdí ni pé ilé ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, kò sì dúró de òjò.

Láti oṣù kọkànlá, kànga yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ omi yóò máa ṣe ségesège. Obìnrin ilé yóò pọn omi sínú gbogbo ohun tó bá lè gba omi, nítorí kò mọ ìgbà tí yóò tún rí i. Dúrọ́ọ̀mù méjì yóò di mẹ́rin. Àmù tí a kì í lò nígbà òjò yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn mú lóde, ṣùgbọ́n nínú ilé, òjò ti rọ̀. Ìbòòji wà níbẹ̀, ọ̀rinrin wà níbẹ̀, ọyẹ́ kò ríbi wọlé dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sì wà nítòsí. Nígbà tó bá di oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ooru ọdún yóò dé góńgó, fáírọ́ọ̀sì yóò sì máa yára nínú ẹ̀fọn. Lẹ́yìn náà ni àkọ́rọ̀ òjò yóò rọ̀. Gbogbo ẹyin tó ti lẹ̀ mọ́ ara táyà, agolo àti ìkòkò lóde láti ọdún tó kọjá yóò pa lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá ti inú igbó gbé fáírọ́ọ̀sì wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní àkókò yìí, iná ti kan ẹ̀tù.

Kì í ṣe 1987 ni àìsàn yìí kọ́kọ́ dé agbègbè wa. Ní ọdún 1946, ó jà ní Ogbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ aládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n ti 1987 ni wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Àwọn onímọ̀ tó lọ síbẹ̀ pọ̀, lára wọn ni Dókítà Abdulsalami Nasidi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tómórì, tó ń kọ́ni nípa fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀fọn onílà ni wọ́n bá nínú ilé, nínú omi tí àwọn ènìyàn fi pamọ́.

Ohun tó yani lẹ́nu jù lọ wá tẹ̀lé e. Àwọn olùwádìí kó irú ẹ̀fọn onílà tó wà níbi tí àìsàn náà ti jà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n fún un ní ẹ̀jẹ̀ tó ní fáírọ́ọ̀sì mu, wọ́n ka ọjọ́, wọ́n sì wò ó bóyá yóò lè fún ẹlòmíràn. Èsì tó jáde ní ọdún 1989 ni pé ẹ̀fọn náà kò mọ iṣẹ́ náà ṣe. Púpọ̀ nínú wọn kò gba fáírọ́ọ̀sì mọ́ra, àwọn díẹ̀ péré ló lè pín in. Bí ẹ bá fi ẹ̀fọn yìí wé ti àwọn ilẹ̀ mìíràn, ọ̀lẹ gbáà ni.

Báwo wá ni ọ̀lẹ ṣe pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn? Pípọ̀ ni wọ́n fi pọ̀. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ẹ̀fọn mẹ́wàá bá wà nínú ilé kan, tí kò sì tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ lè yè é. Bí ẹ̀fọn ọgọ́rùn-ún bá wà níbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò tó láti pa odindi agbolé. Ẹ̀fọn náà kò ní agbára tirẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù wa àti àmù wa ló yá a ní agbára. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani.

Ohun tí ọwọ́ wa ká

A kò ní sọ fún yín pé kí ẹ da omi nù lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí garawa omi kan ń náni ní oṣù kejì. Òótọ́ ni pé ìdídò Èkó-Ẹ̀ndé wà lórí odò Ọ̀tìn, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò bá yọ omi, dúrọ́ọ̀mù ni àbò. Ẹ tọ́jú omi yín. Ẹ̀fọn ni kí ẹ má ṣe bá a tọ́jú.

Èkíní, ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí ó jẹ́ ọjọ́ kan náà nígbà gbogbo. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a sọ, kì í ṣe oṣù kọ̀ọ̀kan, nítorí nǹkan bí ọjọ́ méje péré ti tó fún tanwíji láti di ẹ̀fọn. Lọ́jọ́ náà, ẹ da omi inú àmù kan sínú èkejì, kí ẹ fi kànìnkànìn fọ ara rẹ̀ nínú dáadáa, títí dé ọrùn. Ẹyin wà lára ògiri rẹ̀, dídà omi nìkan kì í mú un kúrò.

Èkejì, ẹ fi aṣọ tó le bo ẹnu dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ fi okùn dì í yíká. Pákó tàbí páànù tí a gbé lé e lórí lásán kò tó, nítorí ihò kékeré tó ìlẹ̀kùn fún ẹ̀fọn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ra aṣọ yìí pọ̀ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí owó rẹ̀ lè rọjú. Wọ́n sì lè yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó láti ra dúrọ́ọ̀mù onídèérí tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí òjò tó dé, ní oṣù kejì sí oṣù kẹta, ẹ kó táyà, agolo, ike àti àfọ́kù ìkòkò kúrò lẹ́yìnkùlé. Bí àwọn ẹyin náà bá ti kúrò kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, kò sí ohun tí òjò yóò pa. Nítorí pé ẹ̀fọn onílà kì í rìn jìnnà, bí agbolé kan tàbí àdúgbò kan bá ṣe é pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, wọn yóò rí àǹfààní rẹ̀. Bí ilé kan bá ṣe é tí ilé kejì kọ̀, ẹ̀fọn ilé kejì yóò jẹ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀kẹrin, lóko, ẹ ri èèpo kòkó mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ sọ ọ́ di ajílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gba omi sínú. Ẹ dá agolo oògùn tó ti tán ní ihò nísàlẹ̀ kí ẹ tó kó o dànù, kò sì gbọdọ̀ di ohun ìpọnmi láé. Ní oṣù kẹjọ sí oṣù kejìlá, bí ẹ bá máa pẹ́ létí igbó ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò tó dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ìkarùn-ún, bí ibà bá mú ẹnì kan tí ojú rẹ̀ sì pọ́n, ẹ má dúró wò ó, ẹ má sì fún un ní asipírín, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ jáde. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe gbogbo ojú pípọ́n ni àìsàn yìí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́. Ìròyìn tó bá tètè dé etí òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò gba ará ilé yòókù là. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tí ibà náà bẹ̀rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Nítorí náà, kí ó sùn sínú nẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán pẹ̀lú òru, kí ẹ̀fọn má bàa rí i fà.

Abẹ́rẹ́ tó ti ara Asibi wá

Ohun tó ju gbogbo èyí lọ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti ara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ní ọdún 1927 ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n pè ní 17D ní ọdún 1937. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àìsàn yìí. Àwọn tó wà nílé ìwòsàn lónìí ṣì ń lo 17D yìí. Yábàá náà ni a ti ń ṣe abẹ́rẹ́ náà ní orílẹ̀-èdè yìí tẹ́lẹ̀, títí di ọdún 1991 tí iṣẹ́ dúró níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó dùn wá jù nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 1987, abẹ́rẹ́ yìí ti pé 50 ọdún láyé, síbẹ̀ àìsàn náà bá ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí kò gbà á rí. Ọdún 2004 ni ìjọba tó fi í kún àwọn abẹ́rẹ́ tí gbogbo ọmọdé ń gbà. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń fún, ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n ń fún un ní ti èéyi. Láti ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ènìyàn bá gbà á, ààbò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ wo káàdì àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin àgbà tí kò gbà á rí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń sùn ní abà, ẹ bèèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera bí ẹ bá ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, bí ẹ bá lóyún, tàbí bí àìsàn kan bá ti ń bá yín fínra, kí ó lè mọ̀ bóyá ó yẹ fún yín.

Ìgbà kò sí lọ́wọ́ wa. A kò lè sọ fún ooru oṣù kẹta pé kó rọlẹ̀, a kò sì lè sọ fún àkọ́rọ̀ òjò pé kó má rọ̀. Ṣùgbọ́n òjò tí ń rọ̀ nínú ilé wa lẹ́ẹ̀rùn, àwa la rọ ọ́. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ òjò, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a dúró. Nígbà tí ẹ bá tún ṣe ìpàdé ẹgbẹ́, kí ẹ tó pín sí ilé, ẹ dárúkọ ọjọ́ tí ẹ ó máa fọ àmù.